Ojú Kì í Ké Ìrora: Ohun Tí Àtọ̀gbẹ Ń Fi Ọdún Gbọọrọ Ṣe

Bí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ bá délẹ̀ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà kì í fi sílẹ̀ láìbéèrè: "Ọ̀gá, bí ojú mi bá ń bàjẹ́, ṣé kò ní máa dùn mí ni?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tó bá mọ ìlú Pọbẹ̀, ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, ti mọ ìdáhùn rẹ̀ lápá kan. Láti ọdún 2003 ni ilé ìtọ́jú egbò Buruli ti wà níbẹ̀. Kókó kékeré ni egbò yẹn fi ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ awọ. Kì í dun ni, nítorí náà aláìsàn á máa lọ sóko rẹ̀ títí awọ yóò fi já. Kòkòrò tó ń fà á ló ní oró tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora. Àtọ̀gbẹ kò bá Buruli tan, àmọ́ àwọn méjèèjì mọ bí a ti ń yọ́ ṣọṣẹ́. Ti ojú tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí awọ tí a fi ń ríran kò ní iṣan ìrora kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ojú ṣe rí nínú. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ọmọlójú wọlé, ó sì ń bọ́ sórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ní ẹ̀yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún. Rẹ́tínà ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Kò nípọn tó ìdajì mìlímítà. Ara ọpọlọ ni: nígbà tí ọmọ wà nínú oyún ló yọ jáde láti inú ọpọlọ wá sójú. Fọ́nrán iṣan ìmọ̀lára bíi mílíọ̀nù kan ló kóra jọ níbẹ̀, tí wọ́n di okùn kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń gbé ohun tí a rí lọ fún ọpọlọ. Alájẹkì ni wọ́n. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ló ń gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn tọ̀ wọ́n.

Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké yìí gan-an ni ṣúgà àpọ̀jù ń bá jà, lọ́dún dé ọdún. Ẹ ti rí rọ́bà omi tí oòrùn ti pa: ibì kan á wú, ibì kan á máa jò, ibì kan á dí. Níbi tó ń jò, omi àti ọ̀rá á rọ sínú rẹ́tínà. Bó bá jẹ́ àárín rẹ̀ gan-an ni, ìwé kíkà di ìṣòro. Níbi tó ti dí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò rí atẹ́gùn á ránṣẹ́ pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, olùrànlọ́wọ́ tó sì dé burú ju ìṣòro lọ. Iṣan tuntun wọ̀nyí kò lágbára. Wọ́n á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú ojú, tàbí kí àpá wọn fa rẹ́tínà kúrò ní àyè rẹ̀.

Ó pẹ́ tí àwọn dókítà fi gbà pé iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìwádìí òde òní fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára fúnra wọn lè ti máa kú, kí rẹ́tínà sì ti máa fẹ́lẹ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni tó rí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀.

Kí ló dé tí ẹni náà kò fi mọ̀? Ẹ mú bébà funfun. Ẹ ya àmì àgbélébùú sí apá òsì, ẹ ya àmì dúdú róbótó sí apá ọ̀tún rẹ̀, kí àlàfo àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ. Ẹ di ojú òsì, ẹ fi ojú ọ̀tún tẹjú mọ́ àgbélébùú náà, kí ẹ sì máa fa bébà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí apá yín gùn dé. Nígbà tó bá ku bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, àmì dúdú á pòórá! Ibi tí okùn iṣan ti ń jáde kúrò nínú ojú ló bọ́ sí, ibẹ̀ kò sì lè ríran. Síbẹ̀ ẹ kò rí ihò kankan, bébà funfun lẹ rí. Ọpọlọ ló fi àwọ̀ bébà dí i. Bó ṣe ń dí èyí náà ló ń dí ọ̀pọ̀ àbùkù mìíràn, ojú kejì sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní "mò ń ríran kedere" kò parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó ẹ̀rí.

Iṣan kan wà tí kì í yọ́ bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tó ń darí ẹyinjú. Àtọ̀gbẹ lè mú un lójijì: ìpéǹpéjú á wálẹ̀, ènìyàn kan á di méjì lójú ẹni, ó sì lè dun ni. Ó sábà máa ń padà sípò láàárín oṣù mélòó kan, àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn, torí àìsàn inú ọpọlọ lè fa irú rẹ̀.

Ìwádìí kan tí wọ́n parí lọ́dún 1993 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, lára 1,441 ènìyàn tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, fi hàn pé àwọn tí ojú wọn ṣì dá tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì kó ṣúgà wọn níjàánu dáadáa, dín ewu àìsàn rẹ́tínà kù ní ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìtànṣán lésà àti abẹ́rẹ́ inú ojú wà fún ẹni tó ti kọjá ibẹ̀, wọ́n sì lè dá àìsàn náà dúró. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ti kú kò tíì ní oògùn tó lè jí i. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ọdọọdún fi tọ́ sí alátọ̀gbẹ, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ mú bíi ti àṣá.

Hermann von Helmholtz, ará Jámánì, ló ṣe irinṣẹ́ tí a fi ń wo ẹ̀yìn ojú alààyè lọ́dún 1851. Ṣáájú rẹ̀, òkùnkùn ni ọmọlójú jẹ́ fún gbogbo oníṣègùn. Lónìí, nígbà àyẹ̀wò náà, àwọn oníṣègùn á kán oògùn sí ojú kí ọmọlójú lè fẹ̀, kò sì ní dun yín. Fún wákàtí mélòó kan, oòrùn á máa ta yín lójú, ìwé á sì ṣókùnkùn. Ẹ mú ọmọ tàbí àbúrò kan dání, ẹ má sì fúnra yín gun alùpùpù bọ̀ wálé.