Ẹ̀KỌ́ FÚN OṢÙ YÌÍ: BÍ A ṢE LÈ DÍN ÌSANRAJÙ KÙ, KÍ Ó MÁ SÌ PADÀ



Ọ̀ràn tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ láti orí àga ìwàásù. Ọ̀ràn ara wa ni, ara tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì fi wé tẹ́ńpìlì nínú Ìwé rẹ̀ Kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kẹfà. Bí òrùlé ilé Ọlọ́run bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ìgbìmọ̀ ìjọ yóò pàdé, a ó dá owó jọ, a ó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ara tí í ṣe tẹ́ńpìlì bá ń wúwo sí i lọ́dọọdún, tí ẹni náà kò sì lè gun òkè Aké mọ́ láìdúró mí, ẹ̀rín ni a ń rín, a sì ń wí fún un pé, “Ayé ń yẹ ọ́.” Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá gbé e dè, ni a tó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ìdí Tí Àwọn Baba Wa Fi Fẹ́ràn Sísanra

Kò yẹ kí a dá àwọn baba wa lẹ́bi nítorí pé wọ́n ka sísanra sí àmì àlàáfíà. Àwọn tí wọ́n wá sábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830 ti rí ogun, wọ́n sì ti mọ ebi. Ní ojú wọn, ẹni tí ó rù jẹ́ ẹni tí àìsàn tàbí ìṣẹ́ ń bá jà. Bí ẹnì kan bá sì sanra díẹ̀, ó hàn gbangba pé abà rẹ̀ kún.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú. Oko Ẹ̀gbá jìnnà sí ilé, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn ín. Wọ́n ń gúnyán, wọ́n ń lọ ata lórí ọlọ, wọ́n ń ru omi láti odò. Oúnjẹ tí wọ́n jẹ di agbára tí wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ òní, ọ̀kadà ń gbé wa láti Sàpọ́n dé Ìtòkú, ẹ̀rọ ń bá wa lọ ata, olùkọ́ ń jókòó ti tábìlì, oníṣòwò ń jókòó ti ọjà rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Òkèlè láfún kò dín kù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti dín kù. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ìrẹsì olóròóró púpọ̀ sì tún wá bá a.

Ohun Tí Àwọn Onímọ̀ Rí

Ní ọdún 1997, àwọn oníṣègùn tẹ èsì ìwádìí ńlá kan jáde, tí wọ́n ṣe láàrín àwọn tí ìran wọn ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ní Jàmáíkà, St. Lucia àti Barbados, àti ní Amẹ́ríkà. Nínú 100 àgbàlagbà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn 16 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ìran kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí ara ti ń wúwo sí i láti ilẹ̀ kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àrùn ìdílé lásán ni.

Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ fi àwọn obìnrin ìgbèríko Nàìjíríà wé àwọn obìnrin dúdú ìlú Chicago. Ìwọ̀n àwọn ti Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi pọ́n-ùn 127, àwọn ti Chicago jẹ́ 184. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá rò pé iṣẹ́ oko ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn agbára tí ara wọn ń ná lójoojúmọ́, ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Oúnjẹ ni ó yàtọ̀: àwọn obìnrin Nàìjíríà ń jẹ oúnjẹ tí ó kún fún ọ̀kà àti ohun ọ̀gbìn, tí ọ̀rá àti ẹran inú rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú èyí ni pé oúnjẹ ni a fi ń dín ìsanrajù kù jù lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Òróró tí ó kún ṣíbí ìjẹun kan ṣoṣo ní agbára tó nǹkan bíi kálórì 120. Ẹni tí yóò bá fi ìrìn ná irú agbára bẹ́ẹ̀ ní láti rìn kíákíá fún bí ìdajì wákàtí. Ó rọrùn láti da ṣíbí kan kù nínú ìkòkò ju kí a máa sáré lé e lẹ́yìn tí a ti gbé e mì.

Bí A Ṣe Ń Wọn Ara

Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi èyí ṣe ìṣirò. Kí a fi gíga ẹni ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí a sì fi iye tí a rí pín ìwọ̀n ara ní kílógíráàmù. Bí ìyá kan bá ga ní mítà 1.6, tí ó sì wọn 80, 1.6 lọ́nà 1.6 jẹ́ 2.56, bí a bá fi 2.56 pín 80, a ó rí 31.25. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà láàrín 18.5 àti 25 wà ní ipò dáradára. Láti 25 lọ ti wúwo jù. Láti 30 lọ ni àwọn oníṣègùn ń pè ní àìsàn ìsanrajù.

Okùn tí àwọn aránṣọ fi ń wọn ìbàdí pẹ̀lú wúlò, nítorí ọ̀rá inú ikùn ni ó léwu jù. Bí ìwọ̀n ikùn obìnrin bá ju sẹ̀ǹtímítà 88 lọ, tàbí ti ọkùnrin bá ju 102 lọ, ewu àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn ti pọ̀ gidigidi.

Kí ìyá tí a fi ṣe àpẹẹrẹ má sì sọ ìrètí nù pé òun ní láti já 16 kílógíráàmù sílẹ̀ kí òun tó dé 25. Ní ọdún 2002, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, lára àwọn tí àtọ̀gbẹ ti fẹ́ mú, fi hàn pé àwọn tí a kọ́ láti dín ìdá 7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà ju àwọn yòókù lọ. Ewu rẹ̀ fi ìdá 58 nínú 100 dín kù. Oògùn metformin fi 31 péré dín in kù. Fún ìyá wa yìí, ìdá 7 nínú 100 jẹ́ kílógíráàmù 5.6. Ohun tí ọwọ́ lè tó ni.

Ní Ti Oúnjẹ

Èkíní, kí á máa bu òkèlè níwọ̀n. Láfún, ẹ̀bà, fùfú àti àmàlà kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ju ìwọ̀n ìkúùkù ọwọ́ ẹni lọ. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo: ewédú, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ pọ̀ ní ọjà wa, wọn kò sì wọ́n.

Èkejì, kí á jẹ ẹ̀wà, ọ̀ọ̀lẹ̀ àti ẹja nígbà púpọ̀, nítorí wọ́n ń mú kí inú yó pẹ́. Ọ̀ọ̀lẹ̀ sàn ju àkàrà lọ fún ète yìí, nítorí a kò dín in. Ìrẹsì Ọ̀fadà, tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ wa, tí a kò bá bó èèpo inú rẹ̀ tán, sàn ju èyí tí a ti bó mọ́. Bí ó ti wù kí ó rí, ìrẹsì náà ni, kí a máa bù ú níwọ̀n.

Ẹ̀kẹta, kí á jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìgò 50 sẹ̀ǹtílítà kan lè ní ṣúgà tí ó ju ṣíbí tíì 10 lọ, kò sì ní mú inú yó. Omi ni kí á fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn àgbà wí pé, “Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.” Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí ní àkókò Lẹ́ńtì. Ẹni tí kò jẹun láti òwúrọ̀, tí ó wá jẹ ìlọ́po méjì ní alẹ́, kò dín nǹkan kan kù.

Ní Ti Ìrìn Àti Iṣẹ́ Ara

Bí a ti wí pé oúnjẹ ni ó ń dín ìsanrajù kù jù lọ, ìrìn ni kì í jẹ́ kí ó padà. Ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀, ó ń fún ọkàn lókun, ó ń mú oorun dára, àní bí ìwọ̀n kò tilẹ̀ yí padà. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí àgbàlagbà ṣe iṣẹ́ ara fún 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ìdajì wákàtí lọ́jọ́ 5 ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́run ti fi òkè jíǹkí Abẹ́òkúta. A kò ní láti ra ẹ̀rọ. Ẹni tí ó ń gbé nítòsí ilé ìsìn rẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kí ó rìn ní ibi títẹ́jú, díẹ̀díẹ̀.

Kí Ó Má Sì Padà

Níhìn-ín ni iṣẹ́ gan-an wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rù ní oṣù 3, tí wọ́n sì tún sanra ju ti àtijọ́ lọ ní ọdún kejì. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n jẹ́ aláìlágbára. Ní ọdún 2011, àwọn oníṣègùn ní Melbourne, ní Ọsirélíà, rí i pé àwọn tí wọ́n yára rù nípa fífi ebi pa ara wọn ṣì ń gbé àmì ebi nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn ọdún kan. Ara kò mọ̀ pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó rò pé ìyàn mú. Pẹ̀lú èyí, ara tí ó ti fúyẹ́ kì í ná agbára tó ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà oúnjẹ àtijọ́ ti di àjẹjù fún un.

Láti ọdún 1994 ni a ti ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n dín pọ́n-ùn 30 kù, ó kéré tán, tí wọ́n sì pa á mọ́ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sínú ìwé kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ju 10,000 lọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìwà wọn jọra: púpọ̀ nínú wọn ń jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ara fún nǹkan bíi wákàtí kan lóòjọ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò lè ṣe títí ọjọ́ ogbó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí ìkórè tàbí ìnáwó bá sì mú wa jẹ àjẹjù ní Sátidé, kí a má ṣe dúró de ọdún tuntun kí a tó padà sí ọ̀nà. Ọjọ́ Àìkú ti tó. Kódà, àwọn tí a sọ nípa wọn ní 2002 tún gba díẹ̀ padà nínú ìwọ̀n wọn, síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 10 àtọ̀gbẹ ṣì kéré láàrín wọn. Ìṣubú díẹ̀ kò sọ iṣẹ́ gbogbo di asán.

Ìkìlọ̀

Ẹ má ṣe ra àgbo tàbí tíì ìṣunú tí a ń polówó pé yóò mú ènìyàn rù ní ọjọ́ 7. Omi ara ni ó ń lé jáde, kì í ṣe ọ̀rá, ó sì lè ba ara jẹ́. Aboyún, ìyá ọlọ́mọ ọmú, àwọn ọmọdé, àti ẹni tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n rí dókítà kí wọ́n tó yí oúnjẹ padà tàbí kí wọ́n tó gbààwẹ̀. Ẹni tí ó bá ń rù láìmọ ìdí, kí ó má ṣe yọ̀. Kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹ má ṣe fi ẹni tí ó sanra ṣe ẹlẹ́yà. Oògùn mìíràn ń mú ènìyàn sanra, ìran mìíràn sì ń tètè sanra. Ẹ̀sín kì í mú ẹnikẹ́ni fúyẹ́. Ìtìjú ni ó ń mú kí ó sá fún dókítà.

Ojúṣe Ìjọ

Àwọn ẹgbẹ́ wa lè ṣe púpọ̀. Níbi àsè ìkórè, kí omi àti èso wà lórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti wà. Kí àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ará lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí àwọn tí ilé wọn súnmọ́ra máa rìn pọ̀ lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Ẹni tí ó ní ẹlẹgbẹ́ kì í tètè jáwọ́.

Ìbéèrè Fún Kíláàsì

1. Èéṣe tí sísanra fi jẹ́ àmì àlàáfíà ní ìgbà àtijọ́, kí ni ó sì ti yí padà?
2. Ẹni tí ó ga ní mítà 1.7, tí ó sì wọn kílógíráàmù 85, ó ha wúwo jù bí?
3. Nínú oúnjẹ ilé yín, èwo ni a lè dín kù láìpa ẹnikẹ́ni lébi?
4. Kí ni ẹgbẹ́ yín yóò ṣe ní oṣù yìí, kì í ṣe ní ọdún tí ń bọ̀?

Kí Olúwa tí ó dá ara fún wa, fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́jú rẹ̀, kí a lè fi í sìn Ín pẹ́. Àmín.