Ẹrù Àsìkò àti Aláàárù Rẹ̀: Bí ‘do’ Ṣe Ń Wọ Inú Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì

Bí a bá fẹ́ sọ gbólóhùn ‘Adé sùn’ di ìbéèrè ní èdè Yorùbá, ohun tí a ó ṣe kò ju pé kí a fi ‘ṣé’ tàbí ‘ǹjẹ́’ ṣáájú rẹ̀, tàbí kí a fi ‘bí’ parí rẹ̀. Olùwà kò kúrò ní ipò rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kò sì yí padà. Ṣùgbọ́n bí ‘Ade slept’ bá di ìbéèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò yọjú, ‘slept’ yóò sì padà di ‘sleep’: ‘Did Ade sleep?’ Níbo ni ‘did’ ti wá? Kí ni ó wá ṣe? Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà a máa kọ ‘Did Ade went?’ Olùkọ́ a fa ìlà pupa sí i nídìí, a ní Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ìdí wà fún un o. Mo fẹ́ kí a tọ ipa rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní òfin tí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, àní kọ̀ǹpútà pàápàá, lè tẹ̀ lé láì lo òye ti ara rẹ̀. Irú àkójọ òfin bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní àwòṣe.

Ẹni tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ni Noam Chomsky, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí ìwé kékeré rẹ̀, Syntactic Structures, tí ó jáde ní 1957. Ohun tí ó fi hàn wá ni pé ‘slept’ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ohun méjì ni: àsìkò, tí n ó máa kọ ní ‘-ed’, àti ọ̀rọ̀-ìṣe ‘sleep’. Ní ìpìlẹ̀ gbólóhùn, àsìkò ni ó ṣáájú:

(1) Ade + -ed + sleep

Ẹ jẹ́ kí a fi àsìkò wé ẹrù. Ẹrù yìí kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀. Dandan ni kí ọ̀rọ̀ kan rù ú. Ní (1), ‘sleep’ wà nítòsí, ẹrù bọ́ sí i lórí, ó di ‘slept’. Ẹ wá wo (2):

(2) Ade has been sleeping.

‘-s’ ni ẹrù àsìkò níhìn-ín, ‘have’ ni ó rù ú, tí ó di ‘has’. ‘Have’ náà ní ẹrù tirẹ̀, ‘-en’, ó sì gbé e ru ‘be’. ‘Be’ ní ‘-ing’, ó gbé e ru ‘sleep’. Olúkúlùkù ń di ẹrù tirẹ̀ ru ẹni tí ó tẹ̀ lé e! Mo ka àkíyèsí yìí sí ọ̀kan nínú èyí tí ó dùn jù nínú ìmọ̀ gírámà, nítorí pé ojú lásán kò lè rí i pé ‘have’ ni ó ni ‘-en’ tí ó wà lára ‘been’.

Nínú gírámà òde òní, a gbà pé ìbéèrè, àsìkò àti ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́ olórí, olúkúlùkù nínú àpólà tirẹ̀. Wọ́n tò bí ìgbésẹ̀ àkàbà: ipò ìbéèrè ni ó wà lókè pátápátá, ipò àsìkò tẹ̀ lé e, aṣèrànwọ́-ìṣe bí ‘have’ àti ‘be’ tẹ̀ lé ìyẹn, ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni ó wà nísàlẹ̀. ‘Can’, ‘will’ àti ‘could’ ti jókòó sí ipò àsìkò láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin mi kò ju mẹ́rin lọ, títò tí mo sì tò wọ́n ni kí a máa tẹ̀ lé.

A. Bí ‘have’ tàbí ‘be’ bá wà lábẹ́ ipò àsìkò, kí ó gòkè lọ ru ẹrù ibẹ̀.
B. Bí gbólóhùn bá jẹ́ ìbéèrè, kí ohun tí ó wà ní ipò àsìkò gòkè kọjá olùwà. Bí ‘who’ bá wà níbẹ̀, kí òun náà wá síwájú gbogbo wọn.
D. Bí ẹrù bá ṣì wà nílẹ̀, tí ọ̀rọ̀-ìṣe sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹrù bọ́ sí i lórí.
E. Bí ẹrù kò bá rí ẹni rù ú, kí a pe ‘do’.

‘Do’ yìí, aláàárù ni. Kò bá ẹnikẹ́ni tan nínú gbólóhùn, kò sì mú ìtumọ̀ kankan wá. Ẹrù nìkan ni a pè é fún. Bí òfin B bá gbé ‘-ed’ kọjá Ade, ohun tí a ní ni ‘-ed + Ade + sleep’. Ade ti dí ọ̀nà, òfin D kò lè ṣiṣẹ́, ni aláàárù bá dé: ‘Did Ade sleep?’ Ẹ rí i nísinsìnyí ohun tí ó bá ‘Did Ade went?’ jẹ́. Ẹrù kan ṣoṣo ni, àwọn ọmọ sì fi ru ènìyàn méjì.

Ibi tí òfin wọ̀nyí ti wú mi lórí jù ni ìbéèrè tí ó ní ‘who’. Ta ni ó kọ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó má fi ‘did’ sí (3), ṣùgbọ́n kí ó fi sí (4)?

(3) Who slept?
(4) Who did Ade see?

Ní (3), òfin B gbé ‘-ed’ kọjá ‘who’ tí í ṣe olùwà, ‘who’ náà sì tún wá síwájú: ‘who + -ed + sleep’. Ẹrù àti ọ̀rọ̀-ìṣe tún ti pàdé, òfin D sì parí iṣẹ́. Ní (4), ‘who + -ed + Ade + see’ ni a ní. Ade wà láàárín, aláàárù gbọ́dọ̀ dé. A kò fi òfin kankan kún ti tẹ́lẹ̀. Chomsky ti ṣe àlàyé yìí ní 1957.

Ṣùgbọ́n ìyísódì ni ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. ‘Not’ a máa dí ọ̀nà bí Ade ṣe dí i, nítorí náà ni a fi ń sọ pé ‘Ade did not sleep’. Ó dára. Kí ni ó dé tí ‘never’ kò dí i? ‘Ade never slept’ ni a ń sọ, ‘never’ sì wà láàárín kedere. Èsì tí a máa ń fún ni pé ‘not’ jẹ́ olórí, ‘never’ sì jẹ́ àpọ́nlé lásán, àti pé olórí nìkan ni ó ń ya ẹrù nípá kúrò lára ọ̀rọ̀-ìṣe. Èsì yìí ì bá tẹ́ mi lọ́rùn bí kì í bá ṣe ti òfin tí Lisa Travis gbé kalẹ̀ ní 1984, pé olórí kan kò gbọdọ̀ fo olórí mìíràn bí ó bá ń gòkè. Òfin náà wúlò, òun ni ó jẹ́ kí (5) tọ̀nà tí (6) kò sì tọ̀nà; àmì ìràwọ̀ ni ó ń fi àṣìṣe hàn.

(5) Could Ade have slept?
(6) *Have Ade could slept?

Bí ‘not’ bá jẹ́ olórí lóòótọ́, báwo ni ‘have’ ṣe fò ó nínú ‘Ade has not slept’? Bí kò bá sì jẹ́ olórí, kí ni ó fi ń dí ‘-ed’ lọ́nà? Ọ̀pọ̀ ìwé gírámà a máa fi gbólóhùn kan rọra kọjá níbi yìí. Ẹni tí ó bá ń kọ òfin fún kọ̀ǹpútà kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Ní tèmi, mo fara mọ́ ọn pé kí ‘not’ máa dí òfin D nìkan, kí ó má dí òfin A, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ lásán ni èyí, kì í ṣe àlàyé.

Kì í ṣe gbogbo èdè ni ó nílò aláàárù. Jean-Yves Pollock fi hàn ní 1989 pé ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé fúnra rẹ̀ ń gòkè lọ pàdé ẹrù; ìdí nìyí tí ‘aime’ fi ṣáájú ‘pas’ nínú ‘Jean n’aime pas Marie’. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ‘I know not’ kì í ṣe àṣìṣe nígbà náà. Ti Yorùbá yàtọ̀ sí méjèèjì. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí bóyá a ní àsìkò tàbí a kò ní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í ru àfòmọ́ àsìkò, nítorí náà ‘kò’ lè wà láàárín ‘Adé’ àti ‘sùn’ láì fa wàhálà.

Ìṣòro kan tún wà lára òfin ìyídà. Ní 1973, Peters àti Ritchie fi ìṣirò hàn pé bí a bá fi òfin ìyídà sílẹ̀ láì so ó mọ́lẹ̀, kò sí àkójọ gbólóhùn tí kọ̀ǹpútà lè tò jáde tí òfin náà kò ní lè tò. Ohun tí ó lè ṣe ohun gbogbo kò ṣàlàyé ohunkóhun. Edward Stabler wá ọ̀nà mìíràn ní 2001: kí a máa tọ́jú àpólà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́ta, ohun tí ó ṣáájú olórí, olórí gan-an, àti ohun tí ó tẹ̀ lé e, kí a má sì tètè lẹ̀ wọ́n pọ̀. Nígbà tí olórí bá fẹ́ gòkè, ó ti wà lọ́tọ̀, kò sí pé à ń wá a kiri inú gbólóhùn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ bá fẹ́ dán òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ẹ mú ‘have’ tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn ní nǹkan. Àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá àwọn àgbà, a máa sọ pé ‘Has Ade a car?’, àwọn ará Amẹ́ríkà a sì sọ pé ‘Does Ade have a car?’ Ẹ fi méjèèjì la òfin A títí dé E kọjá, kí ẹ wò ó bóyá ohun tí ó yàtọ̀ láàárín wọn ju ìlà kan ṣoṣo lọ nínú àká-ọ̀rọ̀.