Kí Aṣọ Ìjọba Tó Kan Ọ́ Lára

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Agbádá ni àwọn tó pa òwe yìí ní lọ́kàn, wọn kò mọ kákí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó ní Ọ̀tà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò rí i pé òwe náà kò tíì gbó. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀, àwọn TRACE tó ń darí ọkọ̀ wà níbẹ̀, Àmọ̀tẹ́kùn tó ń ṣọ́ ìlú lè fi ọkọ̀ kọjá. Awakọ̀ dánfó tó ti ń bú gbogbo ayé bọ̀ láti Tólgéètì yóò ṣàdédé rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ kúuṣẹ́ o." Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́, tí eruku ṣì wà ní irun rẹ̀, ń wo gbogbo èyí, ó sì ń rò ó pé ọ̀nà àbùjá sí ọ̀wọ̀ nìyẹn. Mi ò bá a jà. Iṣẹ́ ìlú ni, ìlú sì nílò ẹni tí yóò ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ bá a sọ ni pé kó yí ìgbésẹ̀ náà padà: kó kọ́kọ́ mọ ohun kan ṣe, ohun tí ẹjọ́ kò lè lọ títí dópin láìsí i, kó tó máa wá aṣọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, iléeṣẹ́ Immigration pe àwọn tó ń wá iṣẹ́ jọ sí pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà. Ó lé ní 500,000 ènìyàn tó fi orúkọ sílẹ̀, 1,000 náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan, àyè tó wà kò sì tó 5,000. Wọ́n tẹ ara wọn pa ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna, ní Benin. Àwọn tó kú kò dín ní 15, aláboyún wà nínú wọn. Ìkà ni ẹni tó gbowó lọ́wọ́ aláìníṣẹ́ tí kò sì ṣètò ibi tí wọn yóò gbà wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni gbogbo èrò yẹn ń tì. Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa léèrè pé kí ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, èsì tó máa ń tètè jáde lẹ́nu wọn ni "iṣẹ́kíṣẹ́". Iṣẹ́kíṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nídìí káńtà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ká ní wọ́n mú ọlọ́kadà kan wá. Máṣíìnì tó ń gùn, díẹ̀díẹ̀ ló ń san owó rẹ̀ fún ẹni tó ni ín, owó ọ̀sẹ̀ méjì kò sì pé. Ẹni tó ń gba sítétímẹ́ǹtì tẹ́ bébà sórí tábìlì, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ orí, ó kọ àdírẹ́sì ní Ìjokò, ó wá ní kó sọ tẹnu rẹ̀. Ọlọ́kadà ní: "Mo ná an." Owó ló ń wí. Ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé "mo na an". Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá fẹ́ yí bébà náà sí Gẹ̀ẹ́sì fún kóòtù, ó lè kà á sí "mo nà án", bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni máṣíìnì ní àpá lójú lóòótọ́. Àmì ohùn nìkan ló wà láàárín méjèèjì. "Mo ná an" jẹ́ ọ̀rọ̀ gbèsè, Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì ti sọ pé a kì í tìtorí àdéhùn owó tó yẹ̀ nìkan mú ènìyàn. Ó yẹ kí ọkùnrin náà máa lọ sílé. "Mo nà án" jẹ́ ẹ̀sùn lílu ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì ló kàn. Tàbí ká ní ohun tó sọ ni "mo gbé e". Lẹ́nu ọlọ́kadà, èrò ló gbé. Létí ẹni tó ń fura sí i, nǹkan ló jí. Gẹ̀ẹ́sì yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni, obìnrin ni, àbí ẹrù. Yorùbá kì í béèrè ìyẹn, nítorí náà ẹni tó ń túmọ̀ ló gbọ́dọ̀ béèrè, kí ó tó fi bírò kan bébà.

Òfin kò fi ọ̀rọ̀ èdè ṣeré. Abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú ènìyàn fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Abala 36 ní kí ẹni tí kò gbọ́ èdè kóòtù rí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 tún là á mọ́lẹ̀ pé bí afurasí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni kó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì kà á sí i létí. Ní ìlú bí Ọ̀tà, tí Àwórì jẹ́ onílẹ̀, tí Ẹ̀gbá, Yewa, Ẹ̀gùn, Ìgbò àti Haúsá sì jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà lọ síbi iṣẹ́, ta ni yóò ṣe ògbufọ̀ yìí? Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó bá wà nítòsí ni wọn yóò pè, ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì pàápàá. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá àti Ẹ̀gùn dénú, tó mọ̀ ọ́n kọ pẹ̀lú àmì, tó sì lè dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí kí ó sọ bí òun ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ní ohun tí àgọ́ tó kún fún kọ́ńsítébù lè má ní. Ó dùn mí pé àwọn òbí kan ṣì ń na ọmọ nítorí pé ó sọ èdè bàbá rẹ̀ nílé.

Ẹ tún wo ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà, bíi mẹ́fà sí méje nínú mẹ́wàá ni a kò tíì dá lẹ́jọ́. Adájọ́ kò tó lóòótọ́, àmọ́ ohun tí ń dá ẹjọ́ dúró máa ń kéré ju ìyẹn lọ. Wọ́n ti gbé ọlọ́pàá tó wádìí ọ̀rọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìwé ìpè kò dé ọwọ́ ẹlẹ́rìí. Ohun ẹ̀rí tí wọ́n kó sí yàrá ti dà pọ̀ mọ́ tẹlòmíràn. Ìbọn kò lè tún ọ̀kan ṣoṣo ṣe nínú wọn. Akọ̀wé tó mọ fáìlì tò ló lè tún un ṣe, àti ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, àti òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò tó mọ̀ pé tí òǹtẹ̀ ara ọ̀rá tí wọ́n kó ẹ̀rí sí bá ti já, ẹ̀rí náà lè bàjẹ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó fẹ́ di agbẹjọ́rò yóò lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, yóò tún lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin. Ọ̀nà rere ni, ó kàn gùn ni. Ṣùgbọ́n òfin tó sọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di iléeṣẹ́ àtúnṣe ìwà ní 2019 ti fi ìjìyà tí kò ní ẹ̀wọ̀n nínú kún iṣẹ́ wọn, bíi kí ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ ìlú, kí ó sì máa gbé nílé rẹ̀. Ẹni tí yóò máa ṣọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìwà ènìyàn ju bí a ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn lọ. Ilé àtúnṣe àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní Adígbẹ́ ní Abẹ́òkúta ń fẹ́ olùkọ́, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́. Ọlọ́pàá fúnra wọn máa ń gba mẹkáníìkì àti nọ́ọ̀sì síṣẹ́. Káyọ̀dé Ẹgbẹ́tókun, ọmọ Ẹ̀rínjà ní Yewa, tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìṣirò ló kà ní Yunifásítì Èkó, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Yaba Tech kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1990. Kí kálukú ní èrò tirẹ̀ nípa bó ṣe ṣe ọ̀gá. Ohun tí mo ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ni èyí tó ṣáájú.

Ọ̀tà tún ní ohun kan tí ìlú tí kò ní ilé-iṣẹ́ kò ní. Ìwà ọ̀daràn mìíràn kì í gbé ìbọn. Inú páìpù ló ń gbà jáde lóru lọ sí odò. Ìjọba àpapọ̀ ní Òfin Ilé-iṣẹ́ àti àwọn tó ń yẹ ilé-iṣẹ́ wò, ó ní NAFDAC fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti oògùn, ó dá NESREA sílẹ̀ ní 2007 fún ọ̀rọ̀ àyíká. Ẹni tó ti dúró nídìí ẹ̀rọ fún ọdún mẹ́ta mọ ìró ẹ̀rọ tí wọ́n ti yọ ìdáàbòbò rẹ̀, ó mọ ìgbà tí òórùn kẹ́míkà kì í ṣe òórùn ojoojúmọ́. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọjá sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tó gba ìwé ẹ̀rí nípa yàrá àyẹ̀wò, yóò rí ohun tí ọmọ ọ́fíìsì kò ní rí bó bá tilẹ̀ rìn yí ilé-iṣẹ́ náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Iṣẹ́ kásúà tí ó ń kà sí ìfiṣòfò ayé lè jẹ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ kan yóò ní: "Ta ni mo mọ̀ lókè? Ìmọ̀ láìní ẹni, asán ni." Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní pè é nírọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí èrò ti pọ̀ jù ni ẹni òkè ti lágbára jù. Níbi tí 500,000 ti ń du 5,000, kò sẹ́ni tó lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ìwé pélébé láti ọwọ́ olóyè ni yóò ya wọ́n sọ́tọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń wá ẹni mẹ́ta tó gbọ́ Ẹ̀gùn, ìwé olóyè kò lè túmọ̀ Ẹ̀gùn. Ẹni tó bá sì ní kó o mú owó wá kí òun fi orúkọ rẹ sínú líìsì ọlọ́pàá tàbí ti sífú dìfẹ́ǹsì, sá fún un. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ náà ń kéde léraléra pé ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Ní 2024, 70,000 náírà ni ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ bí owó oṣù tó kéré jù, Ìpínlẹ̀ Ògùn ní òun yóò san 77,000. Kò tó. Ẹni tó ń wá ọrọ̀ wéré, kó má tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń fa òwe kan yọ: ibi tí a bá ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi òwe yìí bò. Béèlì tí wọ́n kọ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni, ẹnu àwọn ará ìlú ló mọ iye tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, ìbínú sí ìwà àwọn ọlọ́pàá, èyí tó kó ọ̀dọ́ jáde sójú pópó ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, kò sì ti ojú ọ̀run já bọ́. Tafa Balógun jẹ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá láti 2002 sí 2005, kí ọdún 2005 tó parí, ilé ẹjọ́ ti rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Àmọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ yóò dá mi lóhùn pé ọ̀gá ni kò jẹ́ kí òun mọ́: bí ọ̀gá bá ní kí o fa ìlà kan yọ nínú sítétímẹ́ǹtì, ta ni ọ́ tí o fi máa kọ̀? Ìbéèrè tó le ni. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ibòmíràn láti lọ ló lè ṣe bí ọmọ. Ẹni tí aṣọ nìkan jẹ́ tirẹ̀, bí wọ́n bá bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀, ìhòòhò ló kù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ lè dá kákí padà lọ́jọ́ Ajé, kó sì máa yẹ omi wò fún ilé-iṣẹ́ kan nígbà tó bá yá. Mi ò sọ pé ọ̀mọ̀wé kì í jalè o. Olè tó mọ̀wé pọ̀ ju èyí tí kò mọ̀wé lọ ní àwọn ọ́fíìsì kan. Mo ní ó lè kọ̀ ni. Ẹni tí kò ní ohun mìíràn kò tilẹ̀ lè kọ̀.

Ohun kan tún kù tí àwọn òbí kì í rántí béèrè. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọlọ́pàá, wọ́n lè gbé ọmọ yín láti Ikeja lọ sí Zamfara. Ìpínlẹ̀ ló ni TRACE, ìpínlẹ̀ ló ni Àmọ̀tẹ́kùn tí òfin rẹ̀ jáde ní Ògùn ní 2020. Abẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ni òṣìṣẹ́ kóòtù Ọ̀tà wà. Ẹni tó ní ìyá arúgbó nílé yóò fẹ́ mọ èyí kó tó kọ orúkọ.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè tí a ti mẹ́nu bà lókè sọ pé ní gbangba ni kí wọ́n máa gbẹ́jọ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè wọ Kóòtù Májísíréètì Ọ̀tà. Gba àyè ọjọ́ mẹ́ta níbi iṣẹ́, kí o lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Wọ aṣọ tó mọ́, pa fóònù, dìde bí adájọ́ bá wọlé. Mú ìwé kékeré àti bírò dání. Kọ iye ẹjọ́ tí wọ́n pè, kọ iye tí wọ́n sún síwájú, kí o sì kọ ohun tí wọ́n sọ pé ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹlẹ́rìí kò wá, fáìlì kò tíì dé, kò sí ògbufọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ka ohun tí o kọ, kí o fa ìlà sábẹ́ èyí tí o lè kọ́ bí a ṣe ń tún ṣe.