Ìpápánu tí a kò Fi Iná Sè: Sẹ́lẹ́rì àti Ẹ̀pà Lílọ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí jẹ mọ́ ìpápánu kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti máa fi fún àwọn ọmọ wọn nígbà tí wọ́n bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Kò gba ìkòkò, kò gba igi ìdáná, ọmọ ọdún mẹ́jọ sì lè ṣe é lójú àgbà. Ọ̀pá sẹ́lẹ́rì ni a ó gé, ẹ̀pà lílọ̀ ni a ó fi kún inú rẹ̀, a ó sì to èso àjàrà gbígbẹ sí i lórí. Nítorí bí àwọn èso dúdú náà ti tò lẹ́sẹẹsẹ, àwọn ọmọ ibẹ̀ a máa pè é ní “èèrà lórí ìtì igi.” Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nígbà tí kò ti sí iná, kò sí ewu. Iṣẹ́ tí iná ì bá bá wa ṣe, ọwọ́ àti ojú wa ni yóò ṣe é.

Ní ìpínlẹ̀ Michigan ni a ti lè rí ìtàn oúnjẹ méjèèjì yìí nítòsí ara wọn. Àwọn ará Họ́láńdì tí wọ́n ṣí wá sí ìlú Kalamazoo ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún gbin sẹ́lẹ́rì sí ilẹ̀ àbàtà dúdú ibẹ̀, ó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pe ìlú náà ní Ìlú Sẹ́lẹ́rì. Ní Battle Creek, tí kò jìnnà ju nǹkan bí kìlómítà 40 sí i, ni Oníṣègùn John Harvey Kellogg ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Ní 1895 ó bèèrè lọ́wọ́ ìjọba kí a fún òun ní ìwé ẹ̀rí lórí ọ̀nà tí òun ń gbà lọ ẹ̀pà di ohun rírọ̀. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀: Marcellus Gilmore Edson, ará Montreal ní Kánádà, ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní 1884. Ẹ̀pà fúnra rẹ̀, Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni orírun rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tí a ń kà á sí ọmọ ilé.

Nísinsìnyí, bí a ti ń ṣe é. Ẹ ya àwọn ọ̀pá sẹ́lẹ́rì kúrò lára ara wọn, nítorí ìdí wọn ni iyanrìn ń sá pamọ́ sí. Ẹ fi omi mímọ́ tí ń ṣàn fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ọwọ́ ra inú kòtò rẹ̀ dáadáa. Bí omi àdúgbò kò bá ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, ẹ lo omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Iyọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń dà sínú omi ìfọbẹ̀ kò tó láti pa kòkòrò àrùn. Ẹ gé orí àti ìdí rẹ̀ dànù, kí ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ mú àwọn okùn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fà wọ́n bọ́, nítorí wọn a máa há mọ́ eyín. Lẹ́yìn èyí, ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka ọwọ́, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Ẹ̀pà lílọ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ohun tí ó tutù. Bí òróró bá léfòó sórí ẹ̀pà inú ìgò, kò bàjẹ́. Ẹ rò ó pọ̀.

Nípa ẹ̀pà ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀. Nínú gíráàmù 100 rẹ̀, nǹkan bí 25 ni ohun tí ń mú ara ọmọ dàgbà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì òróró. Sẹ́lẹ́rì ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì omi. Nítorí náà ẹ̀pà ni oúnjẹ níhìn-ín, sẹ́lẹ́rì ni àwo. Ní 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì wá rí i pé oró kan tí ń ti ara ẹ̀pà tí ó bu jáde ni ó wà nínú oúnjẹ wọn. Orúkọ oró náà ni aflatoxin. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún ènìyàn. Yíyan kì í pa á tán, lílọ̀ sì ń bò ó mọ́lẹ̀ kúrò lójú. Ẹ má ṣe ra ẹ̀pà lílọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ bí ó ti ń ṣa ẹ̀pà rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ̀ ọ́ nílé, ẹ ṣà á kí ẹ tó yan án: èyí tí ó bu, tí ó hunjọ, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tàbí tí ó korò lẹ́nu, ẹ dà á nù. Kí a má ṣe fún adìẹ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó pín in nínú kíláàsì, ẹ bèèrè lọ́wọ́ òbí bí ara ọmọ kan bá kọ ẹ̀pà. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n díẹ̀ lè mú kí ètè wú kí èémí sì há, ilé ìwòsàn ni kí a sì sáré gbé e lọ. Ara àwọn mìíràn kọ sẹ́lẹ́rì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àwọn méjèèjì wà nínú oúnjẹ 14 tí òfin pàṣẹ pé kí olóúnjẹ máa kéde. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ẹ má ṣe fún wọn rárá: sẹ́lẹ́rì tútù àti èso àjàrà gbígbẹ lè há wọn lọ́fun.

Sẹ́lẹ́rì kì í ṣe ohun tí a ń rí ní gbogbo ọjà wa, ó sì wọ́n. Àwọn ará ilẹ̀ Ìgbò ti ń fi ikàn tútù jẹ ẹ̀pà tí a lọ̀ pẹ̀lú ata, wọn a sì máa gbé e síwájú àlejò. Èyí dára bákan náà. Kùkúńbà náà yóò ṣe é: ẹ là á sí méjì ní gígùn, ẹ fi ṣíbí ha irúgbìn inú rẹ̀ kúrò kí ó lè ní kòtò, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó fi ẹ̀pà sí i. Ẹ jẹ ẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí bí ó bá di ọjọ́ kejì, yóò ti rọ̀.