Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Ìwé Wa: Ẹ̀kọ́ Lórí LibreOffice

A dúpẹ́ pé a ti mọ̀ ọ́n kọ, a sì ti mọ̀ ọ́n kà. Ohun tí ó kù ni pé kí a máa lo ìmọ̀ náà. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ìwé ni a kì í fi gègé kọ mọ́. Kọ̀ǹpútà ni a fi ń kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, àti àkọsílẹ̀ owó alájẹṣẹ́kù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ nípa irinṣẹ́ kan tí ó wúlò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. LibreOffice ni orúkọ rẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá?

Ẹ wo bí nǹkan ṣe lè rí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ gbé ìwé owó lọ sọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà. Oníkọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ sínú ètò kọ̀ǹpútà kan tí a ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ tí owó náà bá tán, ètò náà lè kọ̀, kí a má lè fi nǹkan kan kún un mọ́. Àwọn mìíràn sì ń lo èyí tí wọ́n jí dà kọ, fáírọ́ọ̀sì a sì máa bá irú rẹ̀ wọlé. Ọjọ́ ìpínwó wá dé, gbogbo ẹgbẹ́ pé jọ, kò sí ìwé tí a ó kà. Ariwo ta! "Akọ̀wé ti kówó jẹ!" Bẹ́ẹ̀ akọ̀wé kò jẹ kọ́bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé ẹgbẹ́ ni kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Ọ̀fẹ́ ju ọ̀fẹ́ lọ

Ọ̀fẹ́ ni LibreOffice. A kì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, kò sì ní ọjọ́ tí yóò ní kí a wá san owó tuntun. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ju ọ̀fẹ́ lọ. Ẹni tí ó fún wa ní ẹ̀kọ jẹ ti ṣe wá lóore, àmọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́, ebi yóò tún pa wá. Ẹni tí ó fún wa ní àgbàdo tí a lè gbìn, tí ó ní kí a bù fún aládùúgbò wa níbẹ̀, oore tirẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí àgbàdo gbígbìn ni LibreOffice rí. Àṣẹ tí ó bá a wá gbà wá láyè láti lò ó fún iṣẹ́ yòówù, láti dà á kọ fún ẹlòmíràn, àti láti yẹ inú rẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà tilẹ̀ lè tún un ṣe. Àwọn ará wa tí wọ́n gbọ́ Faransé ní Kétu àti Àjàṣẹ́ mọ ohun tí "libre" jẹ́: ẹni tí ó wà lómìnira.

Ibi tí ó ti wá

Ní 1985, ọ̀dọ́kùnrin kan ní ilẹ̀ Jámánì, Marco Börries, dá ilé-iṣẹ́ StarDivision sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí ló ṣe StarOffice. Ní 1999, Sun Microsystems ti Amẹ́ríkà ra ilé-iṣẹ́ náà. Ní 2000, wọ́n ṣí inú ètò náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n sì pè é ní OpenOffice.org. Ní 2010, Oracle ra Sun. Ọkàn ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà kò balẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n kéde ẹgbẹ́ tiwọn, The Document Foundation, wọ́n sì sọ ètò náà ní LibreOffice. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù kìíní 2011.

Ṣé ẹ rí i? Ètò náà bọ́ láti ọwọ́ olówó kan sí ọwọ́ òmíràn lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò kú, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì kéde pé LibreOffice ni àwọn yóò máa lò lórí kọ̀ǹpútà 30,000 tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi ń ṣiṣẹ́.

Yàrá mẹ́fà nínú ilé kan

1. Writer: fún lẹ́tà, ìwé ìpàdé àti ìwé ńlá.
2. Calc: fún ìṣirò owó.
3. Impress: fún ohun tí a fẹ́ fi han àwùjọ lójú ògiri.
4. Draw: fún àwòrán àti ìwé ìkéde.
5. Base: fún àkójọ orúkọ àti àkọsílẹ̀ tí ó pọ̀.
6. Math: fún kíkọ àmì ìṣirò, bí àwọn olùkọ́ ṣe ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí Calc bá wa ro owó

Ojú ìwé Calc ní òpó tí ń jẹ́ A, B, C, ó sì ní ìlà tí ń jẹ́ 1, 2, 3. Ibi tí òpó B ti pàdé ìlà 2 ni à ń pè ní B2. Ẹ kọ orúkọ sí òpó A, kí ẹ kọ owó sí òpó B, láti B2 dé B6: aláta 2,000, aláṣọ 3,000, ẹlẹ́ja 1,500, oníṣu 2,500, ẹlẹ́fọ̀ọ́ 1,000. Ní B7, ẹ kọ báyìí:

=SUM(B2:B6)

Ẹ tẹ Enter. 10,000 ni yóò jáde. Bí ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá tún mú 500 wá, ẹ sọ 1,000 rẹ̀ di 1,500. Calc fúnra rẹ̀ yóò sọ àpapọ̀ di 10,500. Kò sí pé à ń pa á rẹ́, à ń tún un rò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí o: bí a bá kọ owó tí kò tọ̀nà sí i, àpapọ̀ tí kò tọ̀nà ni yóò bá wa rò.

Kíkọ Yorùbá bí ó ti yẹ

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ó fẹ́ ra ọkọ́ mẹ́wàá kò ní fẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ sọ pé ó fẹ́ ra ọkọ mẹ́wàá! Nínú Writer, lórí Windows tàbí Linux, ẹ tẹ U+1ECD, kí ẹ di Alt mú, kí ẹ sì tẹ X. Yóò di ọ. U+1EB9 yóò di ẹ, U+1E63 yóò sì di ṣ. Bí ẹ bá tẹ U+0301 tẹ̀ lé lẹ́tà kan tí ẹ sì ṣe bákan náà, àmì òkè yóò gorí rẹ̀. U+0300 ni ti àmì ìsàlẹ̀.

Bí èyí bá ni yín lára, ẹ ṣí Tools, kí ẹ wá AutoCorrect Options. Níbẹ̀ ẹ lè sọ fún un pé nígbàkigbà tí ẹ bá ti tẹ "egbb", kí ó sọ ọ́ di "ẹgbẹ́". Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ ó kọ́ ọ.

Fífi ìwé pamọ́

Ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ S. Ẹ máa ṣe é léraléra, nítorí iná kì í dágbére kó tó lọ. Ìwé Writer a máa parí sí .odt, ti Calc a sì máa parí sí .ods. Ìlànà tí a fi ń tọ́jú irú ìwé wọ̀nyí hàn sí gbogbo ayé, àjọ ISO sì tẹ́wọ́ gbà á ní 2006. Nítorí náà, ètò mìíràn náà lè ṣí i. Ẹ da ẹ̀dà kan kọ sórí fíláàṣì, kí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ ṣọ́ra

Orí libreoffice.org ni kí ẹ ti gbà á. Ó tóbi, ó ń jẹ dátà, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti gbà á, ó lè fi fíláàṣì gbé e fún gbogbo ẹgbẹ́. Kò sí òfin tí ó kọ̀ ọ́. Ẹ lè sanwó iṣẹ́ fún ẹni tí ó bá yín gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ san owó láísẹ́ǹsì, ẹ má dá a lóhùn.

LibreOffice ń ṣí ìwé tí a fi Microsoft Word ṣe, àmọ́ bí tábìlì àti àwòrán bá pọ̀ nínú rẹ̀, ìlà lè yẹ̀ díẹ̀. Bí ìwé bá ti parí tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ó lè rí bákan náà lójú ẹni tí ó gbà á.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀kọ jíjẹ àti àgbàdo gbígbìn nínú ẹ̀kọ́ yìí?
2. Kí ló dé tí iṣẹ́ náà kò fi kú nígbà tí Oracle ra Sun?
3. Yàrá wo ni ẹ ó wọ̀ láti ro owó ẹgbẹ́?
4. Ta ni ìwé owó ẹgbẹ́ tiyín wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí? Bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá bàjẹ́ lónìí, níbo ni ẹ ó ti rí òmíràn? Ẹ jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé yín tí ń bọ̀.