Ojú Ìfihàn Ẹ̀rọ nínú Ọkọ̀ Abẹ́ Omi Tí Ènìyàn Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kàn

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí a ṣe ń dáàbò bo ojú ìfihàn, ìyẹn ojú gíláàsì tí ẹ̀rọ fi ń kọ nọ́ńbà síta, nínú ọkọ̀ abẹ́ omi àfọwọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ omi kò lè yọjú wo ibi tí ó dé. Ohun tí ojú ìfihàn bá sọ fún un nípa jíjìn omi àti afẹ́fẹ́ tí ó kù ni yóò gbà gbọ́.

Ìṣòro yìí ti pẹ́. Nígbà tí David Bushnell kan ọkọ̀ tirẹ̀, Turtle, ní Connecticut ní Amẹ́ríkà ní 1775, kò sí iná mànàmáná. Bí ó bá sì tan àbẹ́là, iná yóò jẹ afẹ́fẹ́ tí awakọ̀ ń mí. Igi jíjẹrà tí olu ń mú kí ó tàn lóru ni ó fi sára kọ́ńpáàsì àti ẹ̀rọ tí ń wọn jíjìn omi. Nígbà tí òtútù dé, igi náà kò tàn mọ́.

Lóde òní, ọ̀tá méjì ni ojú ìfihàn ní. Èkíní ni ìfúnpọ̀ omi. A yan ‘ìfúnpọ̀’ dípò ‘ìtẹ̀’ nítorí pé omi kì í ti òkè nìkan tẹ nǹkan; ìhà gbogbo ni ó ti ń fún un. Ní mítà 10, agbára tí omi fi ń fún sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó tó ìwúwo kílò 1. Bí ojú ìfihàn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta ni a gbé lé e. Ní mítà 100, ó di ọgbọ̀n àpò. Ta ni yóò to ọgbọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì lé ojú tẹlifíṣọ̀n?

Nítorí náà, ibi tí ó dára jù fún un ni inú àgbá irin tí awakọ̀ jókòó sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti rí bí ti orí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ọ̀tá kejì wà: ọ̀rinrin. Èémí awakọ̀ kún fún omi, ara irin sì tutù, nítorí náà ìrì yóò sẹ̀ bí ó ti ń sẹ̀ sára ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú fíríìjì. Bí ìrì yìí bá dé ara wáyà tí iná wà nínú rẹ̀, ìpẹtà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pàápàá bí iyọ̀ òkun bá dà pọ̀ mọ́ ọn. Kí a kun ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ní fáníṣì tí a ṣe fún iṣẹ́ iná, kí a sì ju àpò hóró afàrinrin, irú èyí tí a ń bá nínú páálí bàtà tuntun, sínú àpótí rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún silikónì tí ń rùn bí ọtí kíkan. Ó máa ń jẹ bàbà.

Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí omi ń wọ inú wọn. Nínú irú èyí, àwa fara mọ́ òróró ju gíláàsì nínípọn lọ. A ó fi òróró tí kì í gbé iná kún àpótí náà, a ó sì so àpò rọ́bà rírọ̀ mọ́ ọn. Bí omi bá fún rọ́bà, òróró inú yóò fún padà. Inú àti òde dọ́gba, gíláàsì kò sì ní ẹrù kankan láti rù. Ilé iṣẹ́ Sinn ní Jámánì fi òróró kún aago ọwọ́ rẹ̀ UX bákan náà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù, nítorí afẹ́fẹ́ ń sún kì, òróró kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sún. Bẹ́ẹ̀ ni èròjà tí ó ní ihò nínú, bí i kirisítálì tí ń ka àkókò fún ẹ̀rọ, lè tẹ̀ wọlé.

Ẹni tí yóò lo àpótí gbígbẹ gbọ́dọ̀ fi òrùka rọ́bà sí ìdérí rẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ ni yóò ti òrùka náà mọ́ ojú àlàfo, ṣùgbọ́n fọ́nrán irun kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀ tó láti jẹ́ kí omi wọlé. Kí a kọ́kọ́ so òkúta mọ́ àpótí òfìfo, kí a ki bébà sínú rẹ̀, kí a sọ ọ́ kalẹ̀ jìn ju ibi tí a ń lọ, kí ó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Bí bébà bá gbẹ nígbà tí a fà á jáde, a lè wá gbé ẹ̀rọ sí i.