Òògùn ẹ̀jẹ̀ aláboyún: ẹ fi han agbẹ̀bí kí ẹ tó gbé e mì

Ọ̀rọ̀ àwọn aláboyún wa la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọkọ àti ìyá ọkọ, ẹ fetí sílẹ̀, torí ẹ̀yin náà lẹ máa ń ra òògùn wálé.

Ilé ìwòsàn máa ń fún aláboyún ní hóró òògùn ẹ̀jẹ̀. Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀: èròjà irin àti asíìdì fólíìkì. Ara ń fi méjèèjì ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ ó wá ní: "Tó bá dára, ṣé tó bá pọ̀ kò ní dára jù ni?" Rárá o!

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Mílígíráàmù 0,4 ni asíìdì fólíìkì tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, ní kí aláboyún máa mu lójúmọ́. Hóró míì wà tó jẹ́ mílígíráàmù 5, ó ju ìlọ́po 12 lọ. Bẹ́ẹ̀, láti nǹkan bí oṣù kẹrin, agbẹ̀bí tún ń fún aláboyún ní SP tó ń dènà ibà, hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí SP ń ṣe ni pé ó ń dí kòkòrò ibà lọ́wọ́ kó má lè rí fólétì fi bí sí i. Tí ẹ bá wá ń gbé mílígíráàmù 5 mì, ẹ ń bọ́ kòkòrò náà nìyẹn. Ìyá á rò pé òun ti dènà ibà, ibà á sì wọlé. Ibà lè gbẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó lè ba oyún jẹ́.

Ẹ di mẹ́ta yìí mú:

Ìkíní, gbogbo òògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo, ẹ fi han agbẹ̀bí. Hóró tí wọ́n tú sínú ọ̀rá lọ́jà, tí ò ní páálí, ta ló mọ iye tó wà nínú rẹ̀? Ẹ má rà á.

Èkejì, omi ni kí ẹ fi gbé e mì. Ataayi àti kọfí kì í jẹ́ kí irin wọ ara. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan sí méjì kí ẹ tó mu wọ́n. Tí ìgbẹ́ bá dúdú, ẹ má fòyà, irin ló fà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé. Ó jọ bọ́nbọ́n, ṣùgbọ́n irin tó pọ̀ lè pa ọmọ kékeré. Tí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má dúró kó tó bì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, kí ẹ mú páálí rẹ̀ dání.

Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún aláboyún tó wà ládùúgbò rẹ̀.